Sertraline 50 mg fún obìnrin tó ń lo oògùn ìsoríkọ́ tó sì fẹ́ lóyún

Nínú àwọn oògùn ìsoríkọ́ tí èèyàn lè rí rà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, sertraline ni a máa kọ́kọ́ dárúkọ fún obìnrin tó ń gbèrò àtilóyún. Ó ní àléébù tirẹ̀, a ó sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lórí àtẹ, ọdún 1991 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i, àwọn aboyún tó ti lò ó sì pọ̀ débi pé ìwà rẹ̀ kò ṣókùnkùn mọ́. Èyí tó ń gba inú omi ọyàn kọjá kéré gan-an. Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, wọn kì í sábà rí i níbẹ̀. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni ìpààrọ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn kíkúrò lórí oògùn ìsoríkọ́ mìíràn bọ́ sórí sertraline: ìgbà tí wọ́n ṣe é, àti ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò àtipààrọ̀. Ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀ ni ẹni tó ń lo paroxetine, èyí tí wọ́n ń tà ní orúkọ Seroxat. Láti ọdún 2005 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Nínú 100 ọmọ, bí ẹyọ 1 ló máa ń ní àbùkù ọkàn láti inú oyún. Bí ìyá bá lo paroxetine ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó lè sún mọ́ 2. Iye náà kò pọ̀, àmọ́ kò sídìí láti gbé e rù nígbà tí àyè ṣì wà láti yí padà. Venlafaxine náà yẹ ní àyẹ̀wò, torí ó lè gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè. Ní ti fluoxetine àti escitalopram, bí èyí tí ẹ ń lò bá bá yín lára mu dáadáa, a kò ní sọ pé kí ẹ fi í sílẹ̀ ní tipátipá. Àléébù fluoxetine ni pé ó máa ń pẹ́ lára, ó sì ń wọ omi ọyàn ju sertraline lọ. Amitriptyline, tí wọ́n ń kọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn torí pé owó rẹ̀ kò wọ́n, kì í ṣe oògùn tí a mọ̀ sí abọmọjẹ́. Wàhálà rẹ̀ ni oorun àti ìgbẹ́ gbígbẹ, ohun méjèèjì tí oyún ti ń fà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àsìkò ló ṣe pàtàkì jù. Tí a bá kà á láti ọjọ́ nǹkan oṣù tó kẹ́yìn, ọkàn ọmọ ti ń lù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, nígbà tó bá sì máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹwàá, èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ara rẹ̀ ti parí. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò wá, tó ṣì ń dúró wò ó, tó wá ṣe àyẹ̀wò kó tó dé ọsibítù, lè ti wà ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Bó bá sáré pààrọ̀ oògùn nígbà yẹn, ohun tó fẹ́ dáàbò bò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá, ìsoríkọ́ nìkan ló lè tipa bẹ́ẹ̀ padà wá. Nítorí náà, kí ìpààrọ̀ ti parí, kí ara sì ti balẹ̀ lórí sertraline fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ tó dá ìfètò-sọ́mọ-bíbí dúró. Àárín oṣù mẹ́ta yìí ló tún yẹ kí folic acid bẹ̀rẹ̀. 400 mcg lójúmọ́ ló tó ọ̀pọ̀ èèyàn. 5 mg tó pọ̀ ní kẹ́míìsì wà fún àwọn tí dókítà bá sọ pé ó yẹ fún, bí ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tàbí ìtọ̀ ṣúgà.

Dókítà ló ń kọ ìwọ̀n, ṣùgbọ́n ó dára kí ẹ mọ bí ó ṣe sábà ń lọ. Ẹni tó wà lórí paroxetine 20 mg á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 10 mg, á sì fi ìdajì hóró sertraline 50 mg kún un láràárọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, paroxetine á kúrò, sertraline á di hóró odindi. Ẹni tó wà lórí 40 mg á rọra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Paroxetine máa ń tètè jáde lára, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá gé e lẹ́ẹ̀kan náà fi máa ń ní òòyì, àlá burúkú, ẹkún àti ohun kan bí iná mànàmáná tó ń ta nínú orí, láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ará ilé á ní àìsàn ti padà, àwọn míì á ní ayé ló ń ṣe é. Ẹ wo ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá dé láàárín ọjọ́ mélòó kan tí a gé oògùn, tó sì rọlẹ̀ kíákíá nígbà tí a dá oògùn padà, ara tó ń wá oògùn ni. Ìsoríkọ́ máa ń rọra padà ni, lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀.

Òdìkejì ni fluoxetine. Ẹni tó ń lo 20 mg á dá a dúró, á dúró fún ọjọ́ mẹ́rin sí méje, kó tó bẹ̀rẹ̀ sertraline ní ìwọ̀n kékeré, nítorí èyí tó kù lára ṣì ń ṣiṣẹ́. Amitriptyline ní tirẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí sertraline ṣe ń gòkè. Oorun ló máa kọ́kọ́ sọnù, ẹ má ṣe jẹ́ kó já yín láyà, kí ẹ sì máa lo sertraline láàárọ̀.

Ẹ má ṣe lo tramadol mọ́ ọn. Tramadol tí wọ́n ń rà fún ẹ̀yìn dídùn lè pàdé sertraline lára kó fa òógùn, ìwárìrì, ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti àyà tó ń lù kìkìkì. Ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká sùn kí ilẹ̀ mọ́. Paracetamol ló bá a mu fún ara ríro.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èébì lè máa gbé yín, ìgbẹ́ gbuuru sì lè máa ṣe yín. Ẹ lò ó lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe mu àgbo jẹ̀dí sí i, omi ara tó ń lọ tẹ́lẹ̀ ló máa fi kún. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí èèyàn tó lè dájọ́ bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

Tí ẹ bá ń rà á, ẹ lọ sí ilé oògùn tí apòògùn gidi wà, torí àwọn kẹ́míìsì kéékèèké, títí kan èyí tó wà láyìíká Ọjà Ọba, kò láṣẹ láti ta oògùn tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kí káàdì má ti já, kí ìlà sì wà láàárín hóró bí ẹ bá máa gé e sí méjì. Ẹ má ṣe gba èyí tí wọ́n kà sínú ọ̀rá. Bó bá ku hóró mẹ́wàá, ẹ wá òmíràn, torí ọjọ́ méjì láìlò ó ti tó fún òòyì. Ẹ má fi í sínú mọ́tò nínú ooru oṣù kejì sí ìkẹta.

Bí oyún bá dé, ẹ máa lò ó lọ. "Ìyàwó, fi oògùn yẹn sílẹ̀ nítorí ọmọ" ni ọ̀pọ̀ ìyá ọkọ máa ń sọ, ìfẹ́ ló sì ń mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìsoríkọ́ tí a kò tọ́jú kì í jẹ́ kí ìyá jẹun tàbí lọ fún ìtọ́jú oyún, ó lè mú kí oṣù ọmọ má pé, ó sì lè gba ẹ̀mí ìyá fúnra rẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, ìwọ̀n tó tó tẹ́lẹ̀ lè má tó mọ́, torí ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ sí i, ara sì ń tètè lo oògùn tán. Kí ìyá máa jìyà lórí ìwọ̀n tí kò tó, ọmọ ti gba oògùn, ó tún gba ìsoríkọ́ mọ́ ọn.

Ẹ sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé ẹ ń lò ó, kí ẹ sì bímọ níbi tí wọ́n ti lè ṣọ́ ọmọ, bíi Mother and Child Hospital ní Àkúrẹ́, kó má jẹ́ ilé agbẹ̀bí. Àwọn ọmọ kan máa ń gbọ̀n, wọ́n ń ké jù, tàbí kí wọ́n má fa ọyàn dáadáa fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó máa ń lọ. Mímí tó ṣòro ni kí dókítà yára wò.

Ẹni tó bá ti ní ìgbà kan rí tí inú rẹ̀ dùn kọjá ààlà, tí kò sùn lọ́pọ̀ òru, tó ń náwó bí ẹni pé kò ní tán, kí ó sọ fún dókítà kó tó gba sertraline, torí ó lè tún gbé e lọ síbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ sodium valproate, oògùn wárápá tí wọ́n tún ń lò fún irú ìṣesí bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń tà ní orúkọ Epilim, ni ẹ wà lórí rẹ̀, ìyẹn le ju gbogbo èyí tí a ti ń sọ lọ: nínú ọmọ 10 tí ìyá wọn lò ó nínú oyún, bí ọmọ 1 ló ń ní àbùkù ara ńlá. Ẹ lọ bá dókítà yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín, ẹ má sì tíì dá ìfètò-sọ́mọ-bíbí dúró.