MuseScore, Sibelius, Dorico, LilyPond: èwo nínú àwọn sọ́fútíwíà ìkọ orin wọ̀nyí ni ká fi gbé ohùn orin Palestrina wálẹ̀?

Olùdarí akọrin tó bá kọ́kọ́ ṣí ìwé orin Palestrina, akọ̀wé orin Róòmù ọ̀rúndún 16, á rí i nígbà mìíràn pé sopránò ń gòkè bí ẹni ń gun ọ̀pẹ, báàsì pàápàá ò sì fẹ́ wálẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀fun àwọn ará Róòmù ìgbà yẹn yàtọ̀ sí tiwa. Kíléẹ̀fù (àmì ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tó ń sọ orúkọ nóòtì) gíga tí wọ́n ń pè ní chiavette ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ó ń sọ fún akọrin pé kó gbé orin náà wálẹ̀. Onímọ̀ orin Michael Praetorius là á lẹ́sẹẹsẹ ní Jámánì lọ́dún 1619. Bí fúláàtì kan (àmì tó ń rẹ nóòtì sílẹ̀ díẹ̀) bá wà níwájú ìlà, ẹ gbé e wálẹ̀ bí ìgbà tí doh bọ́ sí soh ìsàlẹ̀. Bí kò bá sí fúláàtì, ẹ gbé e bí ìgbà tí doh bọ́ sí fah ìsàlẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n ibẹ̀: ti àkọ́kọ́, fúláàtì á pa rẹ́, ti èkejì, fúláàtì kan ṣoṣo ló máa yọjú.

(Ẹ̀yin tí akọrin yín ń ka tọ́níìkì sólfà nìkan, ẹ tọ́jú owó yín. Bí kò bá sí fúláàtì, ẹ pa “Doh is C” rẹ́, ẹ kọ “Doh is F” sí i, ó parí.)

Gbogbo sọ́fútíwíà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ló lè sún nóòtì kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni àwọn àmì tí olóòtú máa ń gbé lé orí nóòtì, tí wọ́n ń pè ní musica ficta. Olóòtú fi ń hàn pé òun ló dábàá rẹ̀, kò sí nínú ìwé àtijọ́. Ká ní orin ní B fúláàtì níwájú, olóòtú wá gbé nátúrà, àmì tó ń pa fúláàtì rẹ́, lé B kan lórí. Ẹ fi ìlànà Praetorius gbé orin náà wálẹ̀, B yẹn á di F, nátúrà sì gbọ́dọ̀ di ṣáàpù, àmì tó ń gbé nóòtì sókè díẹ̀. Bó bá jẹ́ àwòrán lásán ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà ò ní fọwọ́ kàn án. Ìyà yìí ti jẹ mí rí. Ìdánrawò tó gbẹ̀yìn ni áltò kan tó bi mí pé kí ló dé tí ibì kan ń dun etí òun.

Lórí èyí, LilyPond ló gba ẹ̀bùn. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó pàṣẹ suggestAccidentals, àmì nóòtì fúnra rẹ̀ á gòkè lọ jókòó sórí, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá lo \transpose, àṣẹ tó ń sún orin, ó ń yí padà pẹ̀lú nóòtì. Ẹ tún lè fi kíléẹ̀fù àtijọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà láìjẹ́ kó sún. Àmọ́ kò sí pé à ń fi máòsì tẹ nóòtì. Títẹ̀ bíi lẹ́tà ni, c' d' e', látòkè délẹ̀. Ẹni tí sùúrù rẹ̀ kéré á sá.

MuseScore náà kò gba kọ́bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìkànnì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà dà yín láàmú: owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ fún ìwé orin kò kan sọ́fútíwíà. Ọ̀pọ̀ orin tó wà ní CPDL, ìkànnì ìwé orin akọrin ọ̀fẹ́, ló ṣeé ṣí nínú sọ́fútíwíà náà tààrà. Ẹ tẹ Transpose, ẹ rí i pé kíì (àwọn àmì iwájú ìlà) náà ń sún, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ojú ara yín yẹ ficta wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fún ìjọ tó ń kọ orin bẹ́ẹ̀ mélòó kan lọ́dún, ó tó.

Sibelius First jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ìlà ohùn mẹ́rin péré ló gbà. Missa Papae Marcelli, orin Palestrina, ní ohùn mẹ́fà, ẹ ó sanwó nìyẹn, ó sì sábà máa ń jẹ́ owó ọdọọdún. Ó ní irinṣẹ́ tó ń gbé ficta sórí nóòtì. Ẹ gbé orin wálẹ̀ tán kí ẹ tó lò ó.

Dorico, tó jáde ní 2016, àwọn tó kúrò nídìí Sibelius nígbà tí Avid, ilé iṣẹ́ tó ni Sibelius, ti ọ́fíìsì Lọ́ńdọ̀nù pa ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Dorico SE jẹ́ ọ̀fẹ́. Pro, tí ẹ ó rà lẹ́ẹ̀kan, ni mo máa gbà níyànjú fún ẹni tó fẹ́ tẹ ìwé orin tà: ohùn kọ̀ọ̀kan lè ní ìdiwọ̀n àsìkò tirẹ̀, ìlà ìpín sì lè wà láàárín àwọn ohùn nìkan bí àwọn olóòtú orin àtijọ́ ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Finale, tí òun náà jẹ́ sọ́fútíwíà ìkọ orin, ńkọ́? Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. MakeMusic, ilé iṣẹ́ tó ni ín, ti dá a dúró ní August 2024. Bí ẹ bá ní fáìlì rẹ̀ nílé, ẹ yí i sí MusicXML, irú fáìlì tí àwọn sọ́fútíwíà orin mìíràn lè ṣí, nígbà tó ṣì ń ṣí.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba ẹ̀dà ìdánwò, kí ẹ sún ojú ewé kan tí nátúrà wà lórí B rẹ̀, kí ẹ sì wo ohun tó dà.