Bàálù Èkó sí Ìbìní: ṣé ó pé ará Ìjẹ̀bú-Òde?

Ará Ìkẹjà tó bá wọ bàálù lọ sí Ìbìní jèrè àkókò. Ti ará Ìjẹ̀bú-Òde kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn la ó kọ́kọ́ rìn ká tó rìn síwájú, nígbà tó jẹ́ pé iwájú Mọ́balùfọ̀n n'Íjẹ̀bú-Òde níbí gan-an ni ọ̀nà Ìbìní gbà kọjá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní bàálù aago 9 àárọ̀ ni. Aago 5 lẹ ó ti kúrò nílé, torí ó kéré tán, wákàtí 2 lẹ gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ọ̀nà Ìkẹjà. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Mówè àti Ìbàfò kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Kántà sì máa ń tì kó tó di pé bàálù gbéra: tó bá ku ìṣẹ́jú 45 kẹ́ ẹ tó dé, àfàìmọ̀. Òfuurufú fúnra ẹ̀ kò gbà tó wákàtí kan, ẹ ó wá dúró de ẹrù. Aago 10 ààbọ̀ lẹ ó jáde n'Íbìní. Mọ́tò tó gbéra ní Mọ́balùfọ̀n láago 5 kan náà, tí ọ̀nà Òrè bá dáa, á ti já èrò.

Àbújá ni bàálù ti pé wa dáadáa, torí odindi ọjọ́ lọ̀nà ilẹ̀ ń jẹ.

Tẹ́ ẹ bá máa wọ̀ ọ́, bàálù àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni kẹ́ ẹ mú. Ọkọ̀ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Bó bá pẹ́ níbì kan, gbogbo èyí tó kù á pẹ́ tẹ̀ lé e. Àmọ́ nígbà ọyẹ́, kùrukùru ìdájí lè dá a dúró, ti nǹkan bí aago 11 ló sàn jù. Ẹ má sì ra ti ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, èrò ìsìn Redemption City á ti kún ọ̀nà. Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì dáadáa pẹ̀lú, bóyá MMA2 ni tàbí General Aviation Terminal. Ibi tí èrò ti ń wọ bàálù n'Íkẹjà ni méjèèjì, àmọ́ wọn kì í ṣe ibì kan náà.

Bó bá jẹ́ ATR, èyí tó ní abẹ̀bẹ̀ lápá, ìdí ni èrò ń gbà wọlé, iwájú ni wọ́n ń kó ẹrù sí. Ìjókòó ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ gbà: ariwo abẹ̀bẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀, ẹ ó sì tètè bọ́ọ́lẹ̀. Apá ẹ̀ wà lókè, kò dí fèrèsé. Kì í fò ga tó jẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ó ń mì nínú ìkùukùu òjò. Ẹ de bẹ́líìtì yín.

Gàrí Ìjẹ̀bú wúwo ju ojú lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n nílé, torí owó ni wọ́n ń gbà lórí kílò tó bá lé. Ọ̀rá méjì ni kẹ́ ẹ dì í sí kó tó wọnú àpò, kó má baà dà sára aṣọ. Epo pupa kò yá. Ẹ fi sílẹ̀.

Pápákọ̀ Gateway wà láàárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn, ó sì sún mọ́ wa ju Ìkẹjà lọ dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá bàálù ibi tẹ́ ẹ ń lọ ń gbéra níbẹ̀, kẹ́ ẹ tó sanwó ti Ìkẹjà.