Táyà bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́nà Ìtòìkín: bí kọ́ńpìnnì tí mo sanwó fún ṣe ṣe mí, àti fọganáísà oní-márúwá tó gbà mí sílẹ̀

Ẹja tútù ni mo ń tà. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo máa ń wa ọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, màá sì padà lọ́jọ́ náà pẹ̀lú kúlà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìtòìkín mọ ohun tí mò ń sọ. Ibi tó dán wà, ibi tí kòtò ti jẹ wà, àwọn ọkọ̀ tí ń kó yanrìn sì wà tí kì í fún èèyàn láyè. Nítorí ọ̀nà yẹn ni mo ṣe san ₦30,000 lọ́dún tó kọjá fún kọ́ńpìnnì kan tó ní àwọn máa ń gba onímọ́tò sílẹ̀ níbikíbi tí mọ́tò bá ti kọṣẹ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó. Mi ò ní dárúkọ wọn. Màá sọ bí wọ́n ṣe ṣe mí, màá wá sọ ti ọkùnrin fọganáísà kan tó wá láti Ìmọ̀ta, torí òun gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, nínú oṣù Keje, òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Mo ti kọjá afárá Ìtòìkín, mò ń bọ̀ nílé, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti lé díẹ̀. Omi ló bo kòtò náà, mi ò mọ̀ pé ó jìn tó bẹ́ẹ̀. Gbì! Mo gbọ́ ọ lábẹ́ ìjókòó mi. Kò pẹ́ tí sítíárìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà lọ sọ́wọ́ òsì, tí nǹkan sì ń dún lẹ́yìn, pàtì, pàtì, pàtì, bí ẹni tó wọ sálúbàtà rin ẹrẹ̀. Mi ò tẹ bíréèkì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó kọ́ mi ní mọ́tò ti là á yé mi tipẹ́ pé bí táyà bá bẹ́, ẹni tó bá tẹ bíréèkì lójijì ló máa ń dojú ọkọ̀ dé. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́ròtù, mo di sítíárìn mú gírígírí, mo jẹ́ kí ọkọ̀ rọra gbé ara rẹ̀ lọ sétí ọ̀nà. Táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì ni. Ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, díẹ̀ ló kù kí rímù máa jẹ ọ̀dà.

Mo tan iná hásáàdì, mo gbé síìkọ́ṣọ̀n lọ sẹ́yìn, mo ka ìṣísẹ̀ tó bí àádọ́ta. Ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ já ewé tútù lẹ́bàá ọ̀nà, ó tò ó tẹ̀ lé síìkọ́ṣọ̀n lẹ́yìn, torí onítírélà a máa rí òkìtì ewé kó tó rí pátákó pupa kékeré yẹn.

Mo wá pe kọ́ńpìnnì. Obìnrin tó gbé fóònù kí mi dáadáa. Ó ní kí n fi lokéṣọ̀n ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Níbi tí a wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wá, ó ń lọ, ìgbà kẹta ló tó gbà. Ó bi mí pé ẹ̀sítéètì wo ni. Mo ní kì í ṣe ẹ̀sítéètì, ojú títì ni, láàárín Ìtòìkín àti Ìmọ̀ta. Ó ní ṣé Lẹ́kí nìyẹn. Mo ní Ìkòròdú ni. Ó ní kí n fún àwọn ní wákàtí kan àtààbọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú márùnlélógójì ló pè padà: ẹni wọn wà ní Kétu, ó sì ní òun kì í kọjá gáréèjì Ìkòròdú.

Mo ní, "Àǹtí, gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó lẹ kọ síwèé." Ó ní kí n wo ìwé àdéhùn. Mo wò ó nígbà tí mo délé. Òótọ́ ni, ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà wínníwínní, pé àwọn àdúgbò kan wà tí ó lè má ṣeé ṣe fún wọn láti dé. Inú bí mi, ó sì ń bí mi títí di ìsinsìnyí tí mò ń kọ ọ́. Gbogbo wa la mọ IBILE tí ìjọba Èkó ń pe ìpínlẹ̀ yìí: Ìkẹjà, Àgbádárìgì (Badagry), Ìkòròdú, Erékùṣù Èkó (Lagos Island), Ẹ̀pẹ́. Láti 1967 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ la ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbowó wa lórúkọ Èkó, kó rántí pé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ló kó lẹ́tà méjì nínú márùn-ún yẹn.

Mo ní nọ́ńbà pàjáwìrì ìjọba, 767 àti 112, lórí fóònù mi, mo ní 122 tàwọn Road Safety pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fara pa, ọkọ̀ mi ò sì dí ọ̀nà, mo fi wọ́n sílẹ̀ fẹ́ni tọ́rọ̀ tirẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awakọ̀ kan tó máa ń kó ẹja láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Máìlì Twelve ni mo pè. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀ bá ti tètè pè mí." Ó fún mi ní nọ́ńbà fọganáísà náà.

Ohun àkọ́kọ́ tó wù mí lára ọkùnrin yìí ni pé ó dárúkọ owó rẹ̀ lórí fóònù kó tó gbéra. Ó bi mí ní táyà wo, ó bi mí bóyá mo ní sípíà, jáàkì àti sípánà. Ó wá ní ₦12,000 ni òun máa gbà, nítorí ibi tó jìn àti epo, ṣé ó tẹ́ mi lọ́rùn? Mo ní ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì lẹ́yìn náà, mo rí iná márúwá kan tó ń bọ̀. Ó ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, ó fi awẹ́ túùbù àtijọ́ so kọ̀mpírẹ́sọ̀ àti ẹ́ńjìnì kékeré tó ń lo pẹtiróòlù mọ́bẹ̀ dan-in dan-in. Ọmọṣẹ́ kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró sẹ́yìn mọ́tò yẹn, ẹ̀yin àti àbúrò, ẹ bọ́ sí òdìkejì gọ́tà lọ́hùn-ún."

A bọ́ síbẹ̀. Òun kò tíì fọwọ́ kan táyà tó fọ́. Òkúta ló kọ́kọ́ fi tẹ́ táyà iwájú méjèèjì, ó wo háńdì bíréèkì. Ilẹ̀ rọ̀ nítorí òjò, ó wá gbé awẹ́ pákó kan jáde nínú márúwá, ó ní orí rẹ̀ ni jáàkì máa jókòó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á rì. Ó dẹ àwọn nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ sókè. Ó ní, "Mọ́mì, tí mo bá gbé e sókè, táyà á máa bá sípánà yí ni. Èèyàn á wá máa fi agbára fà á, mọ́tò á já bọ́ lórí jáàkì." Ọkọ̀ ń gòkè, ó ti rímù ògbólógbòó kan sábẹ́ rẹ̀, pé bí jáàkì bá yẹ̀, orí rímù ni ọkọ̀ máa bà lé, kì í ṣe orí èèyàn. Ogún ọdún tí mo ti ń wakọ̀, mi ò rí fọganáísà tó ṣe ìyẹn rí.

Nọ́ọ̀tì kẹrin kọ̀. Ẹni tó dì í kẹ́yìn ti fi ẹ̀rọ dì í pa. Ó da epo bíréèkì díẹ̀ sí i, ó fi irin gbá a lórí lẹ́ẹ̀mẹ́ta jẹ́jẹ́, ó dúró. Ó ki páìpù gígùn bọ ọwọ́ sípánà, ó rọra gbé ara lé e. Ó dún kẹ́ẹ́, ó sì tú.

Sípíà mi ló wá dójú tì mí. Ìgbà tí mo ra ọkọ̀ ni mo ti rí i gbẹ̀yìn. Ó jẹ́ irú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ò sì tó nǹkan kan. Ọkùnrin yìí fi ìka nu ara sípíà náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó ní kí n wá kà á: 60 PSI, ìyẹn ìwọ̀n afẹ́fẹ́, ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Èmi rò pé 32 bíi táwọn yòókù ni. Ó ní sípíà tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, ó sì fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí pé kó má kọjá kìlómítà 80 ní wákàtí kan. Ká ní kì í ṣe pé ó gbé kọ̀mpírẹ́sọ̀ wá ni, sípíà tó wà nínú búùtù mi kò wúlò fún nǹkan kan. Ó fẹ́ ẹ, ó fi itọ́ kan ojú fáàfù. Gbogbo wa ń wo itọ́ náà lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Kò hó, kò wú. Ó ní, "Ó ti mú."

Mo ní kó bá mi lẹ èyí tó bẹ́. Ó gbé e wá, ó tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ síta: ó ya, ó gùn tó àtàńpàkò mi, okùn funfun inú rẹ̀ ti hàn. Ó ní bó bá jẹ́ ojú tó ń tẹ ilẹ̀ ni ìṣó ti gún un, òun á fi okùn rọ́bà dí i. Ẹ̀gbẹ́ táyà kì í gba okùn, kì í gba pátíìṣì, torí ibẹ̀ ló ń tẹ̀ tó ń nà ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Ó ní ẹni tó bá ní òun á lẹ̀ ẹ́ fún mi, kí n sá fún un. Owó ló gbé sọnù yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Ó lè lẹ̀ ẹ́ kó gba owó lọ́wọ́ mi.

Ó tún nu ẹrẹ̀ kúrò lára táyà náà títí ó fi rí DOT, nọ́ńbà tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe táyà, ó ní kí n wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn: 1115. Ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2015 ni wọ́n ti ṣe é. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, ẹni tó tà á fún mi ní "ó ṣì mọ́, Ìyá, ẹ wo bó ṣe dúdú minimini." Òróró ni wọ́n fi pa á. Èmi tí mo máa ń ṣí ìjàgbá ẹja wò kí n tó sanwó, dídán táyà ni mo wò rà.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ni mo dé Sábó ní Ìkòròdú. Yìnyín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi tán nínú kúlà méjì, ṣùgbọ́n ẹja ṣì le.

Kì í ṣe pé ọkùnrin yìí kò ní àléébù. Kò wọ aṣọ tó ń tàn lálẹ́, bẹ́ẹ̀ títì ni wọ́n wà. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ wọ singileti dúdú, ẹnu ló sì fi di tọ́ọ̀ṣì mú. Mo sọ fún un, ó ní òun á wá nǹkan ṣe sí i, ìgbà tí mo tún pè é ní oṣù Kẹ̀sán, kò tíì wá nǹkan ṣe sí i. Kò ní rìsíìtì. Fóònù rẹ̀ kú lọ́jọ́ kan tí mo nílò rẹ̀. Bákan náà, ó fẹ́ táyà mẹ́ta yòókù fún mi láìgbowó, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ̀n wọ́n láàárọ̀ kí n tó gbéra, 41 ni, nígbà tí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ mi sọ pé 32. Ọ̀pọ̀ fọganáísà ló gbà pé kó le ló dáa. Táyà tó le jù kì í fi gbogbo ojú tẹ ilẹ̀, ní ọ̀nà oníkòtò yìí sì rèé, ó yá bẹ́. Ní báyìí, mo máa ń sọ iye tí mo fẹ́ fún un, ó sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Mo ra táyà tuntun méjì, 195/65R15, mo ka DOT wọn lójú ẹni tó ń tà á, ó bínú díẹ̀. Mo tún ra pọ́ńpù kékeré tí wọ́n ń ki bọ ihò iná sìgá. Ó dáa fún táyà tó ń jò díẹ̀díẹ̀: láti 20 dé 32, ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́fà ni, ẹ́ńjìnì ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ kó má bàa fa bátìrì. Ariwo rẹ̀ pọ̀, ó máa ń gbóná, mi ò sì jẹ́ kó kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó sinmi. Òun ni mo fi ń fẹ́ sípíà báyìí, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí ẹ̀gbẹ́ táyà bá ya, kò lè ṣe ohunkóhun fún yín.

Ti kọ́ńpìnnì yẹn, mo bèèrè owó mi padà. Wọ́n ní wọn kì í dá owó padà, àwọn á fi oṣù méjì kún ti ọdún tó ń bọ̀ fún mi. Mi ò gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ san irú owó bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dárúkọ àdúgbò yín fún wọn, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé àwọn á dé Ìmọ̀ta, àwọn á dé Agbówá. Bí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ dà á rú, ẹ gbé owó yín sápò.

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà yìí, kó yà ní Ìmọ̀ta lójú mọmọ, kó bèèrè fọganáísà tó ní márúwá, kó gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Èmi ti fi máákà kọ tèmi sí abẹ́ ìdérí búùtù, lókè ibi tí jáàkì wà, kí ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ lè rí i pè bí fóònù mi bá kú.