Ọ̀nà Flume lókè adágún Tahoe: àgbéyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó gùn ún lórí kẹ̀kẹ́ háyà

Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án tí ó kọjá ni mo gun kẹ̀kẹ́ gba Ọ̀nà Flume, ojú ọ̀nà tóóró tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkè ní ìhà ìlà-oòrùn adágún Tahoe, ní ìpínlẹ̀ Nevada lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kí n tó lọ, mo ti ka ohun púpọ̀ tí àwọn tí ó ṣáájú mi lọ kọ, ẹwà ibẹ̀ ni gbogbo wọn sì ń ròyìn. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó kìlọ̀ fún mi pé búréèkì kẹ̀kẹ́ tí mo bá háyà ni yóò sọ bí ọjọ́ náà yóò ṣe parí fún mi, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí ní kíkún fún ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi tí ó bá ń gbèrò àtilọ.

Gíga ibẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ mẹ́nu bà, nítorí pé ara àwa tí a ń gbé ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Sacramento ni èmi ń gbé, ìlú tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ojú òkun lọ rárá. Ojú omi Tahoe fúnra rẹ̀ ti wà ní 1,897 mítà sókè, ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn ní Spooner Lake tó nǹkan bí 2,100 mítà, téńté òkè tí a óò gùn lẹ́yìn rẹ̀ sì sún mọ́ 2,500. Ní irú ibẹ̀, afẹ́fẹ́ oxygen tí ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ní mímí kan kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tí ẹni tí ó wà létí òkun ń rí. Èmi àti ìdílé mi sùn sí Incline Village, ìlú kékeré kan létí adágún náà, ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, mo sì mu omi dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ gùn ún kò fẹ́ sanwó ilé ìtura. Ó wakọ̀ láti ilé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kò sì tíì gun máìlì méjì tí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. A jókòó sábẹ́ igi fún bí ogójì ìṣẹ́jú kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Bí ẹ bá lè sùn síbẹ̀, ẹ sùn síbẹ̀.

Ìrìn náà kì í ṣe àlọbọ̀ lójú ọ̀nà kan náà. Láti Spooner ni a ti ń gbéra, Tunnel Creek ní Incline Village ni a sì ń sọ̀ sí, gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí máìlì 14. Nítorí náà ni bọ́ọ̀sì kékeré ṣe wà tí ń kó ènìyàn àti kẹ̀kẹ́: ẹ ó gbé ọkọ̀ yín sí ibi tí ẹ óò parí sí, bọ́ọ̀sì yóò sì gbé yín lọ síbi ìbẹ̀rẹ̀. N kò rí àbùkù kankan nínú iṣẹ́ yìí. Awakọ̀ dé lákòókò, ó fi sùúrù so kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì bi olúkúlùkù wa bóyá omi rẹ̀ tó kí a tó sọ̀kalẹ̀. N kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gun kẹ̀kẹ́ padà lójú títì 28 nítorí kí ó má baà san owó bọ́ọ̀sì. Títì náà há, ó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ sì pọ̀ lórí rẹ̀.

Nǹkan bí máìlì márùn-ún àkọ́kọ́ gba inú àfonífojì tí wọ́n ń pè ní North Canyon, ọ̀nà erùpẹ̀ tí ó fẹ̀ tó mọ́tò, láàárín igi aspen tí ewé wọn ti ń pọ́n bí ìyeyè. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tuni lára, ṣùgbọ́n apá ìparí rẹ̀ ga fíofío, iyanrìn ibẹ̀ sì pọ̀ débi pé táyà ẹ̀yìn ń yí lásán. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ti kẹ̀kẹ́ mi, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn le ju tèmi lọ ṣe ń ti tiwọn. Lẹ́yìn téńté yẹn ni ọ̀nà dà wálẹ̀ sí Marlette Lake, adágún kékeré tí ó dákẹ́ rọ́rọ́, níbi tí a ti jẹun.

Létí ìsédò Marlette ni Ọ̀nà Flume gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Máìlì mẹ́rin àbọ̀ ni gígùn rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tí ó máa ń ya àlejò lẹ́nu lórí òkè tí ó ga bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé omi ni wọ́n la ọ̀nà náà fún, kì í ṣe ènìyàn. Nígbà tí ìròyìn fàdákà tí wọ́n rí ní 1859 kó àwọn awakùsà jọ sí Virginia City, omi ìlú náà kò tó wọn mọ́. Ní àwọn ọdún 1870 ni wọ́n wá fi pákó kan ọpọ́n omi gígùn, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní flume, láti gbé omi Marlette lọ sí ihò tí wọ́n dá lu já inú òkè, kí ó lè bọ́ sí apá kejì. Omi kì í gun òkè, bí ó bá sì sáré jù, yóò ba pákó jẹ́. Nítorí náà ni àwọn tí ó kàn án ṣe mú un tẹ̀ lé ìbàdí òkè, tí ó ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Pákó ti jẹrà, àfọ́kù rẹ̀ ṣì wà níbì kọ̀ọ̀kan lẹ́bàá ọ̀nà, ojú ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí ni a sì ń gun kẹ̀kẹ́ lé lónìí.

Nǹkan bí 450 mítà ni adágún fi wà nísàlẹ̀ yín níbẹ̀, ní ọwọ́ òsì. Omi náà dúdú bí aró láàárín, ó sì mọ́ gaara létí àpáta débi pé mo rí òkúta inú rẹ̀ láti òkè. Níbi tí ó jìn jùlọ, ìjìnlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 501 mítà. Mo dúró, mo rò ó pé bí gbogbo omi yẹn bá gbẹ, kòtò tí yóò ṣí sílẹ̀ ṣì ju gíga tí mo dúró sí lọ. Láti inú èdè àwọn Washoe, tí ó ni ilẹ̀ náà kí àwọn òyìnbó tó dé, ni orúkọ Tahoe ti wá, ohun tí ó sì túmọ̀ sí kò ju adágún lọ. Wọn kò nílò orúkọ mìíràn fún un.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà tóóró, ó sì tún tóóró sí i níbi tí àpáta ti yọ síta. Ní ọwọ́ òsì, kò sí ohunkóhun tí ó lè gba ènìyàn dúró. Kí ẹni tí òòyì máa ń kọ́ ní ibi gíga sọ̀kalẹ̀ kí ó fi ẹsẹ̀ rìn níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wo adágún, ẹ dúró kí ẹ tó wò ó, nítorí ibi tí ojú bá ń wò ni kẹ̀kẹ́ ń lọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ búréèkì. Ilé ìtajà kan ní ìlú mìíràn létí adágún náà ni mo ti háyà kẹ̀kẹ́ mi, n kò ní dárúkọ wọn. Kẹ̀kẹ́ náà mọ́, ó ń dán, sípíríńgì rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn sì dára. Ìyẹn ni mo fi gbà pé wọ́n tọ́jú rẹ̀. Kò sí ìṣòro níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà tẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kúrò lórí Ọ̀nà Flume tí a wọ Tunnel Creek, níbi tí ọ̀nà ti já wálẹ̀ ju 400 mítà lọ láàárín máìlì mélòó kan, lórí iyanrìn rírọ̀, ni mo gbọ́ tí irin ń họ irin lẹ́yìn. Mo fa búréèkì ẹ̀yìn títí ó fi kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ kò sì dúró. Bí ènìyàn bá sì gbára lé búréèkì iwájú nìkan lórí irú iyanrìn bẹ́ẹ̀, orí ni yóò fi sọlẹ̀. Mo darí sínú iyanrìn jíjìn lẹ́bàá ọ̀nà, mo sì ṣubú síbẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ mi bó, akoto mi gbá òkúta, mo sì dúpẹ́ pé mo dé e. Ẹsẹ̀ ni mo fi rin èyí tí ó kù. Nígbà tí a tú páàdì búréèkì ẹ̀yìn wò, irin ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni ó kù.

Wọ́n tọrọ gáfárà ní ilé ìtajà náà, wọ́n sì dá owó mi padà, ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ jẹ́wọ́ pé fífọ̀ nìkan ni wọ́n fọ kẹ̀kẹ́ náà kí wọ́n tó tún gbé e síta. Ó dùn mí, nítorí pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni yíyẹ páàdì wò. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé háyà, ẹ fa búréèkì kọ̀ọ̀kan kí ẹ sì ti kẹ̀kẹ́ síwájú. Bí ó bá yí, tàbí bí ohun tí ẹ fà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ kọ̀ ọ́. Ẹ ní kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí ẹ fi ojú ara yín rí i pé páàdì ṣì nípọn. Ẹ ní kí wọ́n dín afẹ́fẹ́ táyà kù díẹ̀ pẹ̀lú, nítorí táyà tí ó le jù kì í di iyanrìn mú. Nígbà tí ẹ bá sì ń sọ̀ ní Tunnel Creek, ẹ gbé ìdí sẹ́yìn, ẹ má sì di búréèkì mú pinpin. Ẹ fà á, ẹ tú u, ẹ tún fà á, kí ó lè ráyè tutù.

Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa kò bá wa gun òkè. East Shore Trail ni wọ́n lọ, ọ̀nà olọ́dà máìlì mẹ́ta tí wọ́n ṣí ní 2019, tí ó ti Incline Village tẹ̀ lé etí omi dé Sand Harbor. Ọmọ wa ọlọ́dún méje gùn ún lọ, ó gùn ún bọ̀. Ọ̀nà náà fẹ̀, ó sì gba abẹ́ títì kọjá, kí ọmọdé má baà bá mọ́tò pàdé. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ibi ìgbọ́kọ̀sí tètè ń kún. A dé ní aago méje àbọ̀, ìwọ̀nba àyè ni ó kù. Ibẹ̀ ni kí ẹ mú ọmọ kékeré lọ, kì í ṣe Flume, bí ó ti wù kí wọ́n bẹ̀bẹ̀ tó.

Ní oṣù Kẹfà tí ń bọ̀, bí yìnyín bá ti yọ́ tán lórí òkè, mo ń padà lọ. Mo ti ra kẹ̀kẹ́ tèmi lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó lò ó díẹ̀, páàdì rẹ̀ ni mo sì kọ́kọ́ pààrọ̀.