Wọ́n Ní Kí N Gbé Bisikíìtì Dání: Ohun Tójú Mi Rí Nídìí Ìtọ́jú Iṣan Ẹnu

Ẹni tó bá ti wọ wáyà eyín rí, tí wọ́n yọ ọ́ tán tí àlàfo tún yọjú níwájú, á ti mọ ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ olùtọ́jú iṣan ẹnu, ẹni tó ń kọ́ni bó ṣe yẹ kí ahọ́n àti ètè máa ṣiṣẹ́. Ahọ́n mi ló ń ti eyín síta ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé nǹkan mì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, eré ìdárayá ahọ́n nìkan là ń ṣe: kí n lẹ ahọ́n mọ́ òkè ẹnu, kí n já a kó dún "kọ́!", kí n fi ṣóńṣó rẹ̀ mú rọ́bà kékeré dání, kí n sì gbé itọ́ mì. Ọ̀sẹ̀ keje, wọ́n ní kí n gbé bisikíìtì àti omi dání. Inú bí mi. Ṣé ẹni tó máa wò mí jẹun ni mo ń sanwó fún? Akọ̀wé wọn, tó ti sún ọjọ́ mi síwájú lẹ́ẹ̀mejì láì bẹ̀ mí, tún wá ń bi mí lójú èrò pé, "Ẹ gbé oúnjẹ yín dání, àbí?"

Olùtọ́jú ní tirẹ̀ kò dá mi lóhùn bí mo ṣe ń kùn. Ó gbé díńgí síwájú mi. "Ẹ jẹ ẹ́ bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ nílé." Mo rún un. Bí mo ṣe fẹ́ gbé e mì, ó fi ìka méjì ya ètè mi. "Ó yá." Háà! Ahọ́n yọ láàárín eyín bí aláǹgbá tó yọrí níhò ògiri, èérún dà sí mi láyà. Ojú tì mí, ẹ̀rín tún pa mí.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ leré ìdárayá ń gbà lóòjọ́, ṣùgbọ́n àtàárọ̀ dalẹ́ lèèyàn ń gbé nǹkan mì. Ó kọ́ mi pé kí n gé e kékeré, kí n pa ètè dé, kí n fi ọ̀tún fòsì rún un, kí n kó o jọ sáàárín ahọ́n, kí ṣóńṣó ahọ́n gbéra sókè, kí eyín ẹ̀yìn pàdé, kí n tó gbé e mì. N ò sì gbọdọ̀ fi omi tì í (èmi tí mo máa ń fomi sin gbogbo òkèlè!).

Lọ́sẹ̀ kọkànlá, mo gbé omi mì tètè mi wà ní yíyà, ẹ̀kán kan ò jò. Mo pariwo.

Àmọ́ kí ló dé tí wọn ò sọ lọ́jọ́ kìíní pé ọ̀rọ̀ náà máa kan oúnjẹ? Ìwé tí wọ́n fún mi kún fún àwòrán ahọ́n, kò sí oúnjẹ níbẹ̀. Tébi bá sì ń pa mí, ahọ́n á tún padà síbi tó mọ̀.

Máàkì tí mo fún wọn: 2 nínú 5. Mo ti gba ọjọ́ mìíràn fọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.