Kọ́ńdọ̀mù Tí Kò Ní Latex: Èwo Ni Kí Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Kọ Rọ́bà Rà?

Ẹni tí ara rẹ̀ kọ latex, ìyẹn oje igi rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ́ńdọ̀mù, lè ra èyí tí wọ́n fi polyurethane, irú ike kan, ṣe, tàbí ti polyisoprene, tàbí ti nitrile, irú rọ́bà àtọwọ́dá kan, tí obìnrin ń fi sínú ara, tàbí ti ìfun àgùntàn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó náwó, ẹ rí i dájú pé latex gan-an ni ara yín kọ̀, nítorí nonoxynol-9, oògùn apàtọ̀ tí wọ́n máa ń fi sí àwọn kọ́ńdọ̀mù kan lára, náà máa ń mú kí ojú ara ta èèyàn tàbí kí ó máa yún un, ẹni bẹ́ẹ̀ yóò sì pààrọ̀ rọ́bà títí láìrí ìtura. Bí ètè tàbí ojú bá ń wú, tàbí tí èémí kò já gaara, ọ̀rọ̀ di ti dókítà nìyẹn.

Ti ìfun àgùntàn kò gba àlàyé púpọ̀. Ó ń dènà oyún, ṣùgbọ́n àwọn ihò tíntìntín tí ó wà lára rẹ̀ tóbi ju kòkòrò HIV àti ti hepatitis B lọ, nítorí náà àwọn tọkọtaya tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé kò sí àrùn lára àwọn méjèèjì nìkan ni ó wà fún.

Láàárín polyurethane àti polyisoprene ni iṣẹ́ wà. Polyurethane ni mo kọ́kọ́ rà, nítorí ìròyìn rẹ̀ dùn létí: ó fẹ́lẹ́, kò rùn bíi rọ́bà, ó sì ń jẹ́ kí ooru ara kọjá. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n kì í nà dáadáa. Bí ẹ bá fi ìka méjì fa ẹnu rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ń takú bí ọ̀rá, kò sì ní yára súnkì mú ìka yín bí latex ti máa ń ṣe. Bí ọkùnrin bá wọ̀ ọ́, kò dì mọ́ ara. Ńṣe ni ó ń kó jọ, tí yóò sì máa yọ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìbálòpọ̀ ti ń lọ lọ́wọ́. Tèmi bọ́ sínú ara ìyàwó mi. A ra oògùn ìdènà oyún pàjáwìrì tí owó rẹ̀ ju ti páálí kọ́ńdọ̀mù náà lọ, a sì ń ka ọjọ́ títí nǹkan oṣù rẹ̀ fi dé. Kì í ṣe èmi nìkan, nítorí ìwádìí ti fi hàn pé polyurethane máa ń ya tàbí kí ó yọ ju latex lọ.

Polyisoprene ní tirẹ̀ ń nà. Èròjà kan náà tí ó wà nínú oje igi rọ́bà ni, àmọ́ ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é, kò sì ní àwọn purotéènì tí ara ń bá jà. Ó nípọn díẹ̀ ju polyurethane lọ, èyí tí kò dà mí láàmú rí. Kò gbọ́dọ̀ fojú kan òróró: fasilíìnì àti ìpara olóròóró máa ń sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́ tí yóò fi ya, nítorí náà jẹ́ẹ̀lì olómi tàbí ti silicone ni kí ẹ lò. Ní ti èyí, polyurethane jù ú lọ, nítorí òróró kì í bà á jẹ́. Àwọn kan tún wà tí kì í ṣe purotéènì ni ara wọn kọ̀, bí kò ṣe kẹ́míkà tí wọ́n fi ń mú rọ́bà gbó. Ara irú wọn máa ń sú lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ sì lè wà nínú polyisoprene náà.

Ti nitrile, tí orúkọ rẹ̀ lọ́jà ń jẹ́ FC2, tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ní 2009, bá gbogbo òróró lọ, obìnrin sì lè fi í sí ara ní wákàtí mélòó kan ṣáájú. Ó gba ìdánrawò, ẹ má sì lò ó pọ̀ mọ́ kọ́ńdọ̀mù ọkùnrin. Bí àwọn èèyàn ti ń lò ó lójoojúmọ́, nǹkan bí obìnrin 21 nínú 100 ló ń lóyún láàárín ọdún kan, nígbà tí ti kọ́ńdọ̀mù ọkùnrin jẹ́ 13.

Kálukú ló mọ ohun tó bá ara rẹ̀ mu, n kò sì fẹ́ ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹni tí kò lè ṣe kí ó má lo òróró, tàbí tí àwọn kẹ́míkà wọ̀nyẹn ń bá ara rẹ̀ jà, lè ra polyurethane, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ ra páálí kékeré, kí ó sì fara balẹ̀ yan ìwọ̀n tó ṣe rẹ́gí, nítorí èyí tó bá tóbi jù kò ní súnkì láti bá a mu. Ní ti ẹ̀yin yòókù, páálí polyisoprene kan àti jẹ́ẹ̀lì olómi ni ó yẹ kí owó yín kọ́kọ́ lọ bá.