Ìyẹ́ oníná àbí ìyẹ́ aláfẹ́fẹ́: èwo ni kí ẹ fi sẹ́yìn ọkọ̀ ìdíje tó ti lọ́jọ́ lórí?

Ohun méjì ló wà níwájú ẹni tó bá fẹ́ kí ìyẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ìdíje rẹ̀, ìyẹn pátákó gbọọrọ tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, máa dìde kó sì máa sùn lórí eré: èyí tí mọ́tò iná ń tì, àti èyí tí afẹ́fẹ́ inú táńkì ń tì. Ẹ̀kẹta wà tí kì í mira rárá, tí wẹ́dà dè pa sójú kan. Màá dé ọ̀dọ̀ ìyẹn náà, torí ó lè jẹ́ òun gan-an ló yẹ yín. BMW E36 onílẹ̀kùn méjì ni ọkọ̀ tèmi, tokunbo àwọn ọdún 1990, Àkúrẹ́ níbí ló ń gbé. Oníná ló kọ́kọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Aláfẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ ti lè fojú inú wo ibi tí ọ̀rọ̀ mi máa fì sí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní ẹni tó tọ́ sí.

Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ohun tí ìyẹ́ wà fún. Ìṣirò kan péré ni kí ẹ mú dání. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí atẹ́gùn fi ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìyẹ́ gidi tó gùn ní mítà kan ààbọ̀, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 25, lè tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi kílò 20 lórí eré 100 kílómítà ní wákàtí kan. Bí ẹ bá dé 160, ó ti lé ní 50. Bí ẹ bá wà ní 60, kò tó kílò 10. Torí náà, ẹni tó jẹ́ pé inú ọgbà ló ti ń sáré, tó ń yí àwọn kóònù po, tí kì í kúrò ní gíà kejì, kó tọ́jú owó rẹ̀. Táyà tuntun ni kó fi rà.

Ìdí tí a fi ń fẹ́ kí ìyẹ́ máa sùn kò ju pé ohun tó ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ní kọ́nà, òun náà ló ń fà á sẹ́yìn lórí ọ̀nà gbọọrọ. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ò sì ní agbára tó fẹ́ fi tọrẹ. Kó sùn lórí ọ̀nà gbọọrọ, kó dìde nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Gbogbo iṣẹ́ náà nìyẹn. Ibi "kó dìde" yẹn ni owó mi ti wọ omi.

Báwo ló ṣe ń padà, àti pé ibo ló máa ń wà bí nǹkan bá bàjẹ́?

Ẹ bi ẹni tó fẹ́ tà á fún yín ní ìbéèrè yìí kí ẹ tó béèrè iye owó.

Mọ́tò oníná tó pọ̀ lọ́jà jẹ́ ọ̀pá tó ń jáde tó sì ń wọlé. Súkúrúù ló wà nínú rẹ̀, mọ́tò kékeré ló ń yí i. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń yí díìṣì ńlá láyé àtijọ́, òun náà ló ń ṣí àwọn géètì oníná ní Ìjàpọ̀. Ó lágbára gan-an, ṣùgbọ́n kì í yára. Èyí tó bá lágbára tó láti dojú kọ atẹ́gùn sábà máa ń rìn ní nǹkan bíi mìlímítà 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní ìyẹ́ yín nílò kí ọ̀pá náà rin mìlímítà 30 péré kó tó dìde tán, ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ tó ń sá 150 á ti rin ohun tó lé ní mítà 100 láàárín ìgbà náà bí kò bá tẹ bíréèkì. Bó bá sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa lórí táyà tó dára, á ti já eré náà wálẹ̀ sí bíi 60. Lédè mìíràn, ìyẹ́ náà á dé nígbà tí bíréèkì ti parí. Ìgbà tí a bá ń tẹ bíréèkì gan-an sì ni ẹrù máa ń sá lọ síwájú, tí ìdí ọkọ̀ máa ń fúyẹ́ jù lọ.

Ẹ wo Bugatti Veyron. Ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń dìde dúró gan-an láti ran bíréèkì lọ́wọ́, kì í sì í tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìṣẹ́jú àáyá méjì "kò le", ẹ ní kó wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú ọkọ̀.

Ẹni tó ta tèmi fún mi, tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, bí mọ̀nàmọ́ná ló ṣe máa ń gbéra." Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ọkọ̀ dúró, tí bátìrì kún, ó gbéra lóòótọ́. Ọjọ́ tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀, orí títì tí wọ́n dí pa fún wa la wà. Oòrùn ń ta, fáànù radiétọ̀ ò sinmi. Mo dé òpin ọ̀nà gbọọrọ, mo tẹ bíréèkì, mo gbójú sókè wo dígí ẹ̀yìn: ìyẹ́ ṣì sùn gbalaja. Kí n tó mọ̀, ìdí ọkọ̀ ti fẹ́ ṣáájú iwájú. Àwọn táyà tí wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà ló dá mi dúró. Bọ́ńpà ẹ̀yìn lọ, iná ẹ̀yìn méjèèjì lọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tí eruku rọlẹ̀, tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ tí mo ń wo ohun tó bàjẹ́, mọ́tò náà ṣì ń dún gììì, ó ń gbé ìyẹ́ náà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dìde tán.

Riwáyà tó bá mi wò ó fi mítà rẹ̀ sí ẹnu wáyà mọ́tò náà: fóòtì mẹ́wàá àti díẹ̀ ló ń rí, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí bátìrì sì ń rí ju mẹ́tàlá lọ. Ilẹ̀ wáyà, ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ ara ọkọ̀ nínú búùtù, ti hu ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé lábẹ́ nọ́ọ̀tì rẹ̀. Mo pe òǹtajà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iná ọkọ̀ yín ni kò tó." Ọkọ̀ tó ti ń gbé ayé láti àwọn ọdún 1990, tó ti rí òtútù Jámánì àti òjò Àkúrẹ́, èwo nínú wọn ni wáyà rẹ̀ ṣì pé? Ohun tí ẹ bá fẹ́ tà fún ọkọ̀ àtijọ́, ẹ ṣe é kó lè bá wáyà àtijọ́ gbé.

Èyí tó tún burú jù ni pé súkúrúù yẹn kì í yí padà bí iná bá lọ. Ibi tí iná bá bá a ló máa dúró sí. Fíúùsì jó nígbà tí ìyẹ́ sùn? Ó sùn nìyẹn títí ẹ ó fi padà délé.

Aláfẹ́fẹ́ yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń ti ìyẹ́ kó sùn, sípíríǹgì ló ń dá a padà. Bí ẹsẹ̀ bá kan bíréèkì, fááfù á tú afẹ́fẹ́ náà jáde pẹ̀lú ariwo "fìsì", ìyẹ́ á sì ti dìde kí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Bí wáyà bá já, ó dìde. Bí họ́ọ̀sì bá bẹ́, ó dìde. Bí táńkì bá gbẹ, ó dìde, ẹ kàn máa sáré bí ẹni tó ní ìyẹ́ tí kì í mira ni. Kí ẹ ṣáà rí i pé fááfù ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fún yín, irú èyí tó máa ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ bí kò bá sí iná. Òdìkejì rẹ̀ wà lọ́jà, ó jọ ọ́ bí ìbejì, wọ́n sì ń tà á ní iye kan náà.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Jim Hall fi ìyẹ́ ńlá sórí ọkọ̀ ìdíje rẹ̀ tó ń jẹ́ Chaparral 2E ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1966. Pẹ́dà kan wà tí awakọ̀ máa fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ kí ìyẹ́ lè sùn lórí ọ̀nà gbọọrọ. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ náà kúrò láti tẹ bíréèkì, ìyẹ́ á padà síbi tó ti ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Sísùn ló gba agbára, dídìde kò gba nǹkan kan.

Hínjì náà tún ṣe pàtàkì. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìbú ìyẹ́ láti etí iwájú ni atẹ́gùn ti máa ń tẹ̀ ẹ́ jù. Bí hínjì bá wà níwájú ibẹ̀, atẹ́gùn á máa ti ìyẹ́ kó sùn, á sì máa bá sípíríǹgì yín jà. Bó bá wà lẹ́yìn ibẹ̀ díẹ̀, atẹ́gùn fúnra rẹ̀ á máa bá yín dá a padà. Fún ìyẹ́ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 25, mo fi tèmi sí sẹ̀ǹtímítà 10 láti iwájú, pẹ̀lú irin tó dá a dúró pa lẹ́yìn kó má baà kọjá àyè rẹ̀. Èyí kan oníná pẹ̀lú, ṣùgbọ́n súkúrúù kì í gba ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn yòókù, ní ṣókí

Owó: oníná dín díẹ̀, torí kò ní táńkì àti fááfù. Ìwúwo: wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ariwo: aláfẹ́fẹ́ á máa fìsì, ẹ ó mọ́ ọn lára.

Ipò ìyẹ́: ibí ni oníná ti borí pátápátá. Ẹ lè dá a dúró síbi tó bá wù yín, bẹ́ẹ̀ aláfẹ́fẹ́ tèmi mọ sísùn àti dídìde nìkan.

Ọpọlọ tó ń darí wọn: kò sí ìyàtọ̀. Súwíìṣì iná bíréèkì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Lára E36, sẹ́ńsọ̀ eré wà lẹ́yìn dífà (àpótí gíà tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì), ẹ lè fa wáyà kan níbẹ̀ wá sí Arduino, kọ̀ǹpútà kékeré tí ẹ lè kọ́ níṣẹ́. Àwọn ọmọ yunifásítì FUTA tó mọ iṣẹ́ yìí ò ṣọ̀wọ́n, ẹ kàn sanwó wọn lásìkò.

Àtúnṣe nínú Àkúrẹ́: mọ́tò iná tó bá jó, Èkó ni, bóyá Ládípọ̀, bóyá kí ẹ dúró de ọkọ̀ òkun. Họ́ọ̀sì àti ẹnu rẹ̀, ẹ ó rí wọn lọ́wọ́ àwọn tó ń tún bíréèkì ọkọ̀ ńlá ṣe. Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Fokanáísà tó bá yín géèjì táyà lówùúrọ̀ ìdíje náà ló máa kún táńkì yín. Táńkì líta márùn-ún tó kún dáadáa á mú ìyẹ́ yín sùn ju ìgbà 50 lọ. Àbùkù gidi tí aláfẹ́fẹ́ ní wà níbẹ̀: kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà máa ń pọn omi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tú nọ́ọ̀tì abẹ́ táńkì mi, omi aláwọ̀ ìpẹtà ló tú sí mi lápá, ó ń rùn bí epo àtijọ́. Ẹ ra ife tó ń gba omi, ẹ fi sáàárín, ẹ sì máa tú ìsàlẹ̀ táńkì lẹ́yìn gbogbo ìdíje. Ẹni tí kò bá ní sùúrù fún èyí, fááfù rẹ̀ á dípẹtà.

Òfin: ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò ìdíje yín kí ẹ tó náwó, torí ọ̀pọ̀ ìpele ni kò gba ìyẹ́ tó ń mira. Formula 1 fúnra rẹ̀ lé wọn jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó gba DRS, ètò tó ń jẹ́ kí awakọ̀ ṣí apá kan ìyẹ́ ẹ̀yìn lórí ọ̀nà gbọọrọ, wọlé lọ́dún 2011.

Ibi tí ẹ máa dè é mọ́

Lórí èyí, mi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ìdérí búùtù ọkọ̀ àtijọ́ kò lè gba kílò 50 tó ń tẹ̀ ẹ́ tó sì ń tú u sílẹ̀. Lọ́dún 1969, nínú Formula 1 ní Montjuïc ní Barcelona, ìyẹ́ ọkọ̀ Lotus Graham Hill àti ti Jochen Rindt já nínú ìdíje kan náà, àwọn ọkọ̀ méjèèjì sì fọ́. Iṣẹ́ àwọn ọ̀gá nìyẹn, ká má tíì sọ pátákó tín-ín-rín tí páńẹ́lì bítà ti fi pọ́tì dí. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ìyẹ́ gba inú búùtù kọjá lọ bá irin tó gbé bọ́ńpà ẹ̀yìn dúró. Wẹ́dà tó ṣe tèmi lọ́nà Ọ̀dà dúró lórí rẹ̀ kó tó gba owó rẹ̀, ó sì fò sókè. Bákan náà, ẹ fi pátákó sábẹ́ bọ́ńpà iwájú. Bí ìdí nìkan bá wúwo, ẹ ó yí sitiárìn, imú ọkọ̀ á máa lọ síbi tó bá wù ú.

Ta ni kó ra èwo?

Bí ọ̀nà gbọọrọ yín bá kúrú, tàbí tí owó bá dí lọ́wọ́, ìyẹ́ tí kì í mira ni kí ẹ rà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Oníná dára fún ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ kí ìyẹ́ rẹ̀ dìde bí eré bá ti pọ̀ díẹ̀, kó sì dúró bẹ́ẹ̀, bí Porsche 964 ṣe ń ṣe láti 80 kílómítà. Kò sẹ́ni tó ń lé e níbẹ̀, ó lè gba àkókò rẹ̀. Ó dára fún ọkọ̀ ìgbéyàwó pẹ̀lú. Fún ẹni tó fẹ́ kí ó sùn kó sì tún dìde kí ó tó wọ kọ́nà, lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i, aláfẹ́fẹ́ ni.

Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ ṣe ohun kan ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó yọ owó lápò. Ẹ ní kí òǹtajà mú ìyẹ́ náà sùn. Kí ẹ wá fi ọwọ́ ara yín yọ tẹ́mínà bátìrì. Bí ìyẹ́ náà bá ṣì sùn síbẹ̀, ẹ dá tẹ́mínà rẹ̀ padà fún un, ẹ kí i, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.